Níbo Ni Iná Ti Já?

Bí ẹ bá ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí ojú yín wà lójú ọ̀nà. Etí nìkan ni mo tọrọ.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá lónìí. Kì í ṣe iná tí a fi ń ríran lóru. Iná ẹnu plọ́ọ̀gì ni, iná kékeré tó ń sọ epo bẹntiróòlù di agbára nínú ẹ́ńjìnì. Bí iná yẹn bá já, ọkọ̀ kò ní sitáàtì. Bí ó bá rọ, ọkọ̀ á máa mísì, á máa gbọ̀n, á máa mu epo lámujù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi mú délé: níbo ni iná ti já? Kí ẹ tó ra plọ́ọ̀gì, kí ẹ tó ra kọ́ìlì, kí ẹ tó na kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè: níbo ni iná ti já?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi fún yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Igbudu ní Warri gbé ọkọ̀ wá síbi tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Agbassa. Camry ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Bí mo ṣe ní ó gbé e wá yẹn, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ló ń tì í. Òógùn bò wọ́n.

Ìyá náà ní, “Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Wọ́n ní plọ́ọ̀gì ni, mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní púǹpù epo ni, mo rà á. Wọ́n tún ní bátìrì ti kú, mo ra òmíràn. Síbẹ̀, ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Lónìí ló wá kú sójú títì.”

Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ìgbà wo lẹ fọ ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn?”

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Kí ló kan fífọ ọkọ̀? Ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn. Ó ní ọjọ́ tí ó rin ìrìn àjò ìsìnkú dé ni, tí ẹrẹ̀ bo ọkọ̀ náà, tí àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ sì fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ̀ ọ́, títí kan inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ ti ń gbọ̀n.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo yọ kọ́ìlì àkọ́kọ́, ó gbẹ. Mo yọ ìkejì, omi ń kán tó-tó-tó láti ara rọ́bà rẹ̀. Ìkẹta rí bẹ́ẹ̀. Omi ti dúró sínú kòtò tí plọ́ọ̀gì jókòó sí, ó ti ń dípẹtà níbẹ̀. Plọ́ọ̀gì tuntun tí wọ́n fi sí i, inú omi ni wọ́n fi sí! Mo fa omi náà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ibẹ̀ kó gbẹ, mo pààrọ̀ rọ́bà méjì tó ti sán. Màmá tan ọkọ̀, ó gbaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ dọ́gba. Owó tí ó san fún mi kò tó owó bátìrì tó rà lásán rárá.

Ó dùn mí fún un. Owó ẹja ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó sídìí igbá ẹja kí ó tó rí owó bátìrì. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n wá sọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá mọ ọ̀nà tí iná ń gbà, nítorí abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Báwo ni iná ṣe ń dé ẹnu plọ́ọ̀gì? Ó bẹ̀rẹ̀ láti bátìrì. Iná bátìrì kò lágbára púpọ̀, fóòtì 12 péré ni. Ó gba inú kọ́kọ́rọ́ àti fíúùsì kọjá, ó dé inú kọ́ìlì. Kí ni kọ́ìlì? Wáyà méjì tí a wé mọ́ra ni. Ọ̀kan nípọn, a wé e níwọ̀nba. Èkejì tín-ín-rín bí irun, a wé e lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí iná bátìrì bá ń sàn nínú wáyà tó nípọn, tí a wá já a lójijì, agbára ńlá á ta jáde láti inú wáyà tín-ín-rín. Fóòtì 12 tó wọlé á jáde ní fóòtì 20,000, nígbà mìíràn á jù bẹ́ẹ̀. Agbára yìí ló ń fo àlàfo kékeré tó wà ní ẹnu plọ́ọ̀gì, ni iná bá ta pàrá, ni epo bá gbaná.

Mo tún un sọ: láti bátìrì sí kọ́kọ́rọ́, láti kọ́kọ́rọ́ sí kọ́ìlì, láti kọ́ìlì sí plọ́ọ̀gì. Ṣé ó parí síbẹ̀? Kò parí. Iná gbọ́dọ̀ padà sílé. Ara irin ẹ́ńjìnì ló ń gbà padà sí bátìrì, nípa wáyà tí àwọn ríwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, ọ̀nà àlọ kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà síbẹ̀.

Ta ló wá ń já iná kọ́ìlì lásìkò tó yẹ? Nínú ọkọ̀ àtijọ́, kóńtáàtì ni, irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń pínyà nínú dísítíríbútọ̀. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ló mú ètò yìí jáde, ọkọ̀ Cadillac sì ti ń lò ó ní nǹkan bí ọdún 1910. Ètò náà tọ́jọ́ gan-an. Peugeot 504 tí ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria (PAN) tò ní Kaduna nígbà kan, òun ló lò. Ẹ̀yin àgbà awakọ̀ rántí bí a ṣe ń fi ìwé yanrìn fá ẹnu kóńtáàtì, tí a sì ń fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn àlàfo rẹ̀. Èmi náà, ara 504 ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, kò sí kóńtáàtì mọ́. Brainbox, ìyẹn ọpọlọ ọkọ̀, ló ń já iná náà. Sẹ́ńsọ̀ kan tó ń wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí ló ń sọ àsìkò fún un. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò sì ní dísítíríbútọ̀ rárá, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan jókòó sórí plọ́ọ̀gì tirẹ̀.

Ẹ wò ó bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ń ta iná ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ ṣe ní “kí ló dé?” báyìí, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ó yà yín lẹ́nu pé ìdọ̀tí díẹ̀ tàbí omi díẹ̀ lè dà á rú?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sídìí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Òwúrọ̀ ni, ẹ ti múra, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kọ̀. Kí lẹ máa ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ fetí sí i. Ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ gbọ́ “kà-kà-kà”, tàbí tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, tí iná iwájú náà sì rọ, ọ̀rọ̀ plọ́ọ̀gì kọ́ nìyẹn. Bátìrì ni, tàbí ẹnu bátìrì tó ti dípẹtà, tàbí sítátà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú plọ́ọ̀gì nítorí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu bátìrì. Bí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti bò ó, ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ dè é kó le.

Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ń yí dáadáa, “wúrú-wúrú-wúrú”, tí kò kàn gbaná, nígbà náà ló kù sí ọ̀nà méjì pàtàkì: bóyá epo ni kò dé, bóyá iná ni kò dé. Báwo la ṣe máa mọ̀? Ẹ tú plọ́ọ̀gì kan lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti yí díẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí epo bá ti rin ín, epo ti dé nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ni kò dé. Bí ó bá gbẹ, tí iná rẹ̀ sì dára, epo ni kí ẹ lépa. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: plọ́ọ̀gì tó tutù fún epo, ẹ wá iná; plọ́ọ̀gì tó gbẹ tí iná rẹ̀ ń ta, ẹ wá epo.

Báwo la ṣe ń wo iná? Níbí, mo fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí iná yìí lè gbé èèyàn ṣubú. Ohun tí wọ́n fi ń dán iná plọ́ọ̀gì wò wà lọ́jà, kò wọ́n, òun ló dára jù. Bí kò bá sí, mẹkáníìkì á kọ́kọ́ yọ fíúùsì púǹpù epo, kí epo má baà máa tú jáde. Á wá fi plọ́ọ̀gì náà sí ẹnu wáyà tàbí kọ́ìlì rẹ̀, á fi ara irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnì, jìnnà sí ihò plọ́ọ̀gì, á sì fi ẹ̀mú tó ní rọ́bà mú un. Ẹnìkan á wá yí kọ́kọ́rọ́. Iná tó dára, aláwọ̀ búlúù ni, ó ń ta pàrá-pàrá létí. Èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò pariwo, aláìlera ni.

Bí iná kò bá sí ní ẹnu plọ́ọ̀gì kankan ńkọ́? Ẹ ronú wò. Ṣé plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kú lọ́jọ́ kan náà? Ó ṣòro. Ibi tí gbogbo wọn ti ń pín iná ló ti já: fíúùsì, kọ́kọ́rọ́, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ìyípo ẹ́ńjìnì, tàbí dísítíríbútọ̀ fún ọkọ̀ tó bá ní in. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni kò níná, ibi tí ó ti jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ wò: kọ́ìlì rẹ̀, wáyà rẹ̀, plọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí odò bá gbẹ ní gbogbo abúlé, orísun là ń lọ wò.

Ọkọ̀ tó ń mísì wá ńkọ́? Ó sitáàtì, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n, kò lágbára láti gun òkè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tókunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, láti ọdún 1996 síwájú, ni a lè fi ẹ̀rọ ka àròyé ọpọlọ wọn. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ P0301, ó ń sọ pé sílíńdà kìíní ń mísì. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ibí yìí ni owó ti ń sọnù jù. Ẹ̀rọ yẹn kò sọ pé kí ẹ ra kọ́ìlì. Ibi tó ń dùn ún ló sọ, kò tíì sọ ohun tó fà á. Kí wá ni ká ṣe? Ẹ pa ọkọ̀, ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà kìíní sórí ìkejì, kí ẹ gbé ti ìkejì sórí ìkíní. Ẹ pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀, ẹ tún un kà. Bí ó bá ti di P0302, àìsàn ti tẹ̀lé kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bí ó bá dúró sí P0301, kọ́ìlì kò jẹ̀bi, ẹ wo plọ́ọ̀gì, wáyà tó ń bọ́ kọ́ìlì náà, tàbí ẹnu tó ń fọ́n epo. Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Mẹkáníìkì tó bá kọ̀ láti ṣe é, tó ní kí ẹ ṣáà lọ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, mi ò ní kí ẹ bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Plọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ tún ń ròyìn. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí àwọ̀ gàrí tí a yan, ara ẹ́ńjìnì le. Bí ó bá dúdú bí èédú, tó sì gbẹ, epo pọ̀ jù. Bí ọ́ìlì bá rin ín, ẹ́ńjìnì ti ń mu ọ́ìlì, plọ́ọ̀gì tuntun kò ní wò ó sàn. Bí ó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ń yọ róró, ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 0.6 sí 1.1 mílímítà, ìwé ọkọ̀ yín ló sì máa sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kíyè sí ayédèrú o. Plọ́ọ̀gì olórúkọ ńlá tí owó rẹ̀ kéré lọ́nà tó yani lẹ́nu, ẹ bi ara yín léèrè ìdí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ ti Warri. Òjò tó ń rọ̀ níbí lọ́dún lé ní 2,500 mílímítà, ó sún mọ́ ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ wa kún fún omi àní nígbà tí òjò kò rọ̀. Nítorí náà, ní Agbassa, omi àti ìpẹtà ni mo máa ń fura sí kí n tó fura sí ohunkóhun mìíràn. Mo ti rí i tó pé mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí mi lérò padà lórí rẹ̀.

Ṣé ọkọ̀ yín máa ń mísì bí òjò bá ti rọ̀, tí ara rẹ̀ á sì yá bí oòrùn bá yọ? Ó ṣeé ṣe kí iná máa jo sọnù. Omi ń fún un ní ọ̀nà ẹ̀bùrú láti sá lọ sára irin kí ó tó dé ẹnu plọ́ọ̀gì. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tó ní wáyà plọ́ọ̀gì, ẹ dúró di alẹ́. Ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn, ẹ tan án, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kàn máa wò ó láìfọwọ́ kàn án. Ẹ ó rí iná búlúù wẹ́wẹ́ tó ń jó lára wáyà tó ti sán bí ìgbà tí kòkòrò tanátaná ń fò. Ibẹ̀ ni iná ti já.

Mo ní a ó padà sórí ẹ́ẹ̀tì. Wáyà tó ti ara ẹ́ńjìnì lọ sí ara ọkọ̀ àti bátìrì, ìpẹtà máa ń jẹ ẹ́ lábẹ́, níbi tí ojú kò tó. Ọkọ̀ á máa ṣe bí ẹni tí nǹkan púpọ̀ bàjẹ́ lára rẹ̀: lónìí sẹ́ńsọ̀, lọ́la kọ́ìlì, lọ́túnla ọpọlọ. Wọ́n á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kò ní tán. Àwọn baba wa ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iná orí ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó bá iná ọkọ̀ mu. Ẹ tú ẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ fá a títí irin á fi dán, ẹ dè é padà, kí ẹ fi gírísì pa á lórí.

Àìsàn kan tún wà tó ń dààmú awakọ̀. Ọkọ̀ á rìn dáadáa, bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, á kú lójijì nínú gó-síló. Ẹ ó dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á tún gbaná bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Àwọn kan á ti máa sọ pé ayé ló wà ńbẹ̀. Kì í ṣe ayé. Sẹ́ńsọ̀ ìyípo ẹ́ńjìnì tàbí kọ́ìlì tó ti ń kú lọ ló sábà máa ń fa èyí. Ooru ń ṣí ojú ibi tó sán nínú rẹ̀, bí ó bá tutù, á tún pa dé. Ìgbà tó gbóná tó kú yẹn gan-an ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá dúró kó tutù, ẹlẹ́rìí ti sá lọ.

Ẹ má sì gbàgbé pé epo búburú lè gbé ẹ̀wù iná wọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fẹnu ara wọn sọ pé epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mísì lọ́jọ́ tí ẹ ra epo gan-an, ẹ ro ti epo náà kí ẹ tó tú plọ́ọ̀gì.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ fífa wáyà plọ́ọ̀gì yọ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa láyé 504. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n iná ọkọ̀ òde òní le ju ti ìgbà yẹn lọ. Ó lè gbé yín lulẹ̀, ó sì léwu gidigidi fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lera. Ó lè jó kọ́ìlì, ó lè ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́, epo tí kò jó á sì lọ gbóná jù nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ sílíńdà tó ń mísì, ẹ tú ẹnu wáyà kékeré tó ń bọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí tí ẹ bá tú tí ohùn ẹ́ńjìnì kò yí padà, òun ni kò ṣiṣẹ́. Ìdáhùn kan náà lẹ ó rí, ẹ ó sì fi ara yín pé lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Aṣọ tó rin díẹ̀ tó o. Ẹ̀yin onímọ́tò, bí wọ́n bá ti fi omi sí i kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má tan ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ kọ́ìlì, kí wọ́n gbẹ kòtò plọ́ọ̀gì ná.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ sítátà àti bátìrì ni a ó jọ sọ. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ lọ ra nǹkan wá fún ọkọ̀ yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò: “Ọ̀gá, ẹ fi hàn mí, níbo ni iná ti já?” Ẹ má sanwó títí tí yóò fi fi hàn yín.